Ìkòkò Sábáàtì Toya

Ìwé mẹ́ta ni Yifta alásè ti kọ lórí oúnjẹ àwa Júù àti ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Nínú ìkẹta, lójú ewé tí adìyẹ oní-ìrẹsì wà, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ ó rí níbẹ̀: Toya Shamash, ará ìlú Or Yehuda. Díẹ̀ ló kù kí orúkọ náà má sí níbẹ̀. Ohun tó mú mi gbé bírò nìyẹn, èmi tí mi ò lò ju ọdún mẹ́rin lọ nílé ìwé.

Toya náà ló jẹ́ kí n rí ọdún mẹ́rin ọ̀hún lò. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n kó wa dé Ísírẹ́lì láti Bagdadi, tí à ń gbé inú àgọ́, tí àìsàn sì dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Òun ló ń dáná, èmi ń lọ sílé ìwé. Nígbà tó yá, ó di alásè ilé ìwé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì lo òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kan. Kò lọ́kọ. Nígbà tí ọkọ tèmi kú, ó ní, "Marsel, kẹ́rù ẹ, máa bọ̀." Mo kẹ́rù, mo lọ.

Yifta gbọ́ òkìkí ìkòkò adìyẹ oní-ìrẹsì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí Toya bá ti bu ìrẹsì báyìí, Yifta á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní kó kọ́kọ́ dà á sórí òṣùwọ̀n.

"Ṣé wúrà ni mò ń tà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ọwọ́ yín tóbi ju ti àwọn tó máa rawé lọ."

"Kí wọ́n lọ wá ọwọ́ míì. Ṣé ìyàwó ẹ ò mọ oúnjẹ sè ni, tó o fi ń dà mí láàmú?"

"Òun ló rán mi wá."

"Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ. Gbé àlùbọ́sà yẹn wá."

Ọjọ́ tí wọ́n wọn gbogbo rẹ̀ tán, Toya na ìka sí i. "Tí o bá sè é, Marsel ni kó tọ́ ọ wò. Tí kò bá rí bíi tèmi lẹ́nu rẹ̀, o ò gbọdọ̀ kọ orúkọ mi sí i." Yifta gbà.

Kò pé oṣù méjì sí i, Toya sùn, kò jí. A jókòó ọ̀fọ̀ ọjọ́ méje. Ojoojúmọ́ ni Yifta ń wá, tó ń fọ ife àwọn tó wá kí mi. Mi ò ní gbàgbé oore yẹn.

Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò tirẹ̀ dé. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, irọ́ ò sí níbẹ̀, àmọ́ ìrẹsì rẹ̀ funfun, ó sì dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Toya a máa pọ́n, a sì máa rọ̀ mọ́ eegun adìyẹ. Ó sè é lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo mi orí.

"Màmá Marsel, ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n gan-an ni mo fi sí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń gbé ìwé lọ fáwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Màá yọ orúkọ wọn. Mo ti ṣèlérí."

Ó dùn mí bí ìgbà tí mo tún ń sin Toya lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ó pa àdéhùn òkú mọ́. Ẹlòmíì ì bá kọ ọ́, kó sì dákẹ́.

Mo bi í pé, "Ọjọ́ wo lo máa ń sè é?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo bá ti ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ mi."

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ó ń jinná?"

"Mò ń ṣí i wò, ní wákàtí wákàtí."

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí Toya ti lọ. "Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló ń ṣí ìkòkò Sábáàtì? Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tó ti wà lórí iná kékeré, ta ló jẹ́ fọwọ́ kàn án títí wọn ó fi ti sínágọ́gù dé lọ́jọ́ kejì? Toya fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Ó kàn ń dúró ni. Gbogbo ooru tó yẹ kó pọ́n ìrẹsì lò ń tú dànù!"

Yifta káwọ́ lérí. "Ìwé méjì ni mo ti kọ o!"

"Kọ ìkẹta dáadáa."

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀, a sè é ní ìdáná Toya. Èmi tí mi ò sè é rí láyé mi ni mo de ìdérí, mo to ẹyin sórí rẹ̀ kí ooru sè wọ́n mọ́jú, mo da aṣọ ìbora bò ó kí ooru má bàa jáde. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Yifta ń yí ìkòkò ká bí ológbò.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé etí ìdérí sókè díẹ̀."

"Màá ṣẹ́ ọwọ́ yẹn!"

Nígbà tí wọ́n jáde ní sínágọ́gù, mo ṣí i. Ó pọ́n dénú eegun. Mo fi ṣíbí kan sẹ́nu, mo tún bu òmíràn.

"Màmá, ẹ wí nǹkan. Ṣé kí n kọ orúkọ wọn sí i?" Ó ti ń tọwọ́ bọ àpò wá bírò.

"Fi bírò sílẹ̀. Sábáàtì ni, a kì í kọ̀wé. Tó bá di ọ̀la, kọ ọ́ gàdàgbà. Jókòó kó o jẹun."

Àwo mẹ́ta ló jẹ.