Ọmọ Mi Tó Ń Kú Lẹ́ẹ̀mejì Lójúmọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọmọ mi ń kú: aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́ta. Tí àwọn ọmọléèwé bá wà ní ìsinmi, wọ́n á tún fi ẹ̀ẹ̀kan kún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọgbà ìgbádùn kan wà lẹ́yìn Rush Green, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí wọ́n fi pákó kọ́ odi àti ilé ọba àtijọ́ sí. Àwọn ọmọdé ń gun jangilọ́fà níbẹ̀, àwọn òṣèré sì ń fi ogun ayé ọjọ́un han àwọn èèyàn. Ọmọ mi ló ń gbé àsíá tẹ̀lé ọbabìnrin. Àwọn ọ̀tá á ju ọ̀kọ̀ sí ọbabìnrin, ọmọ mi á bẹ́ síwájú, ọ̀kọ̀ á bà á, á ṣubú, ó parí. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Rippleside mọ̀ pé n kì í gbàgbé orúkọ. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi gbálẹ̀ iléèwé kan ní Dagenham. Títí dòní, tí mo bá pàdé àwọn ọmọ ìgbà náà ní ọjà Barking, tí irùngbọ̀n ti bo ẹnu wọn, orúkọ ni mo fi ń kí wọn, mo sì tún ń béèrè ìyá wọn pẹ̀lú orúkọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà; orí mi ni ìwé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló ní kí n kọ èyí, ó sì ní kí n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Mo gbà. Nínú gbogbo orúkọ tí mo mọ̀, ẹyọ kan ló wà tí n kò fi ẹnu mi pè rí tẹ́lẹ̀, orúkọ ọkọ mi.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Ọdún mọ́kànlélógójì la fi gbé pọ̀. Kí n tó bímọ, "Ẹ gbọ́ ná" ni mo ń pè wọ́n. Nígbà tí mo bímọ, mo fi orúkọ ọmọ pè wọ́n, Bàbá Lágbájá. Nígbà tí a dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n di Dádì.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọsibítù. Nílùú wa, bí èèyàn bá fẹ́ máa lọ, ṣe la máa ń pè é. A ó pe orúkọ rẹ̀, a ó pe oríkì rẹ̀, kíkankíkan, bóyá á gbọ́, á bojú wẹ̀yìn. Ìṣojú mi ni wọ́n ti pe ìyá-ìyá mi bẹ́ẹ̀, tó lajú, tó ní kí wọ́n yé pariwo sí òun létí, tó sì tún lo ọdún mẹ́fà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, mò ń wo àyà wọn bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀, tí kò wá lọ sókè mọ́. Mo lanu. Ohun tó jáde ni "Dádì, Dádì," jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé ṣé kí n gbé oúnjẹ wá. Ta ni kì í ṣe Dádì láyé? Ta ló máa mọ̀ pé òun ni mò ń pè? Orúkọ wọn dúró sọ́nà ọ̀fun mi. Wọ́n lọ.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ni ọgbà yẹn ṣí fún ọdún yìí. Ọmọ mi múra iṣẹ́. Mo ní, "Bàbá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ìwọ náà tún ń lọ kú?"

"Mọ́mì, eré ni."

"A kì í fi ikú ṣeré. Ó ń gbọ́."

"Jọ́ọ̀bù mi ni, Mọ́mì. Kí lẹ fẹ́ kí n jẹ?"

Mo ní kó yan ọ̀kan, iṣẹ́ ikú yẹn tàbí ẹnu ọ̀nà mi. Kí n tó pa ẹnu dé, mo ti fẹ́ kó o padà, ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ilé tó ń gbé ní Whalebone lọ. Oṣù márùn-ún gbáko ni kò fi fẹsẹ̀ tẹ ilé mi.

Nígbà tí oṣù kẹjọ ń parí lọ, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. "Mọ́mì, ẹ káàsán mà. Sátidé yìí la máa ṣe é gbẹ̀yìn lọ́dún yìí. Mo ti fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀ fún yín ní géètì. Tí ẹ ò bá wá, mi ò ní dà yín láàmú mọ́." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé bí n kò bá lọ, mo pàdánù ọmọ tẹ̀lé ọkọ nìyẹn.

Mo bẹ Ìyá Ìjọ wa kí wọ́n sìn mí. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n fi ọdún méje jù mí lọ, ẹnu wọn kì í sinmi bí kò ṣe pé wọ́n ń gbààwẹ̀. Wọ́n gbé ìgò omi àdúrà sínú báàgì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní géètì ní kí ni. Wọ́n ní omi ni. Ó ní ṣé wọ́n lè mu díẹ̀ níbẹ̀ kí òun rí i. Wọ́n mu ún, wọ́n fún èmi náà mu, wọ́n sì wọ́n èyí tó kù sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí. "Ìwọ náà á ṣoríire, ọmọ mi." Ó dúpẹ́.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì pákó ní ìlà kẹta. Àwọn ọmọ ogun jáde, wọ́n gbé asà, itan wọn wà níta.

"Àbúrò mi," ni Ìyá Ìjọ wí, "ogun wo lèèyàn ń lọ láìwọ ṣòkòtò?"

"Bí wọ́n ṣe ń múra láyé ìgbà yẹn ni, mà."

"Abájọ tí wọ́n fi ṣẹ́gun wọn."

Ọmọ mi yọ lórí odi pẹ̀lú àsíá pupa. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ ń wá èèyàn láàárín èrò, ó rí mi, ó yára gbójú kúrò. Ìjà bẹ̀rẹ̀, fèrè ń dún, ẹṣin ń sáré, gbogbo èèyàn ń hó. Lójijì, ó bẹ́ síwájú ọbabìnrin. Ọ̀kọ̀ bà á. Ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ rẹ̀. Ó ṣubú, ó nà gbalaja.

Gbogbo pápá dákẹ́. Ojú mi lọ sí àyà rẹ̀. Kò lọ sókè.

Mo mọ̀ pé eré ni. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi nínú bọ́ọ̀sì láti Barking débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àyà tó dúró bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti pa ẹnu mọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo dìde. N kò mọ ìgbà tí mo dé ibi okùn tí wọ́n ta. Mo la orúkọ ọmọ mi mọ́ ọn lórí, mo fi oríkì rẹ̀ tì í, tòun ti orílẹ̀ bàbá rẹ̀. "Má lọ o! Èmi ni mò ń pè ọ́! Yíjú padà o!"

"Àbúrò mi, jókòó! Eré ni wọ́n ń ṣe!" Ìyá Ìjọ ń fa ìró mi lẹ́yìn.

Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi ti há.

Òkú náà gbórí sókè. "Mà!"

Èrò hó yèè. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ọbabìnrin wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mọ ohun tó ṣe: ó fa ọmọ mi dìde, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó kígbe pé ẹ̀mí akin kì í bọ́. Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó odi pákó. Ìyá Ìjọ náà dìde, wọ́n ń pariwo halelúyà. Báyìí ni ọmọ mi kò ṣe kú lọ́jọ́ tó yẹ kó kú gbẹ̀yìn.

Nígbà tó jáde wá bá wa, ẹ̀jẹ̀ irọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí koríko. Ọ̀gá wọn ti bá a wí, ó ní, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n fi parí ẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi dáhùn?"

"Háà, Mọ́mì! Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n má dáhùn? Ṣé ẹ ti gbàgbé pàṣán tí mo jẹ lọ́jọ́ tí ẹ pè mí tí mo ń wo tẹlifíṣọ̀n?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé mi tó fi di ẹkún. Mo sọ ti ọsibítù fún un. Mo ní bàbá rẹ̀ ń lọ, n kò pe orúkọ wọn, bóyá wọn ì bá yíjú padà. Ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Mọ́mì, gbogbo ọjọ́ ayé wọn, Dádì yẹn náà ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n gbọ́ yín. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni." Ìyá Ìjọ, tí ẹnu wọn kì í sinmi, kàn ń wo jangilọ́fà.

Ó bá mi délé lọ́jọ́ náà. Ó wọ ilé ìdáná, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìkòkò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró níwájú àga ọkọ mi. Mo pe orúkọ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n mo pè é pé, àti oríkì. Ó jáde kúrò lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bíi pé ojoojúmọ́ ni mo ti ń pè é. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ara mi sì fúyẹ́.

"Mọ́mì, ṣé èmi lẹ pè?"

"Rárá. Dádì ẹ ni."

Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn, mà. Ata yìí mà ti gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò."