Ọjọ́ Tí A Lọ Pa Ohùn Ọkọ̀ Jídé Dà ní Ute

Títì ni a ti ọkọ̀ náà jáde, a kò ṣí i. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, àkùkọ ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ọrùn, nígbà tí èmi àti Mojí, ọmọbìnrin mi, fi èjìká ti ọkọ̀ kékeré kan jáde ní ọgbà ilé wa ní Ọ̀wọ̀. A tì í títí a fi kọjá ilé àwọn aládùúgbò. Kò yẹ kí irú àgbàlagbà bíi tèmi máa ti ọkọ̀ lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ràn kí ènìyàn rí mi nínú ohun tí kò yẹ mí. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń sùn, a kò sì fẹ́ kí ó gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà.

Jídé, àkọ́bí mi, ni ó ni ọkọ̀. Kò pẹ́ tí bàbá mi wọ káà ilẹ̀ ni a bí i, ìdí nìyí tí a fi sọ ọ́ ní Bàbájídé. Ẹni tí a ní ó padà dé náà ti tún padà lọ. Àìsàn àyà ni ó mú un ní Ute níbi tí ó ti ń ṣe olùkọ́, kò sì pẹ́ lórí ẹní. Ibẹ̀ náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sin ín sí, nítorí pé a kì í gbé òkú ọ̀dọ́ wá ka òbí mọ́lé, ojú òbí kì í sì í rí sàárè ọmọ. Àwọn àgbà ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní tèmi, ọmọ ni ó lọ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni ó ṣẹ́kù lórí ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ irú rẹ̀. Ó kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ gé bí ohun tí wọ́n fi àdá gé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà sì ń ṣí sókè fún ẹrù. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́bò. Bí wọ́n ṣe là á yé mi, abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí i, òun náà á sì fipá fẹ́ atẹ́gùn padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ lè sáré ju bí ara rẹ̀ ti mọ lọ. Páìpù tó ń gbé èéfín náà gba abẹ́ ọkọ̀ jáde, pẹ̀lú àpótí irin tó ń gbé ariwo rẹ̀ mì, ni wọ́n ń pè ní sàlẹ́ńsà. Jídé ti yọ àpótí irin náà dànù, ó fi páìpù gbọọrọ lásán rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ó bá ń bọ̀ láti Ute, a ó ti gbọ́ ọ kí ó tó yọ sí àdúgbò: igbe gígùn kan, lẹ́yìn náà, bí ó bá ń dẹ eré kù, pò, pò.

Mojí ni ó jogún ọkọ̀ náà. Ìgbà kúùgbà tí ó bá gbé e dé, ìyá rẹ̀ á sáré dìde níbi yòówù kó wà, á lọ ṣí géètì, á sì dúró tẹ̀rín-tẹ̀rín títí Mojí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ yóò tó kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ fún wa, kò sunkún rí. Ó kàn ń rù ni. Mo ní kí Mojí ta ọkọ̀ náà, ó kọ̀. Mo wá ní bí kò bá tà á, a ó pa ohùn rẹ̀ dà. Bí a bá rí sàlẹ́ńsà tó tọ́ yàn, ìyàwó mi á sinmi. Bí a kò bá rí i, mo ti pinnu pé n ó ta ọkọ̀ náà, bí Mojí bá fẹ́ kó bínú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a dé ẹ̀bá Idasen. Àwọn àgbẹ̀ tò tẹ̀léra wọn lọ sóko. Mojí dẹ eré kù kí a lè kí wọn, ọkọ̀ sì yìn: pò, pò. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyá àgbà kan ju agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ igbó, gbogbo àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Nínú ayé tí a wà yìí, ẹni tó bá gbọ́ ìró bíi ti ìbọn lójú ọ̀nà wa kì í dúró béèrè ẹni tó yìn ín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń pè wọ́n pé ènìyàn rere ni wá. Ìyá àgbà náà ni ó kọ́kọ́ yọ orí.

“Ọkọ̀ ni?”

“Ọkọ̀ ni, ìyá. Ẹ má bínú.”

“Ọkọ̀ tí ń yìnbọn.” Ó gbọn ewé kúrò ní gèlè rẹ̀. “Bàbá, ẹ̀yin tí orí yín ti funfun báyìí, kí lẹ ń fi eléyìí ṣe?”

“Ti ọmọ mi ni.”

“Ẹ yáa bá a wí.”

Mo ní n ó bá a wí. A bá wọn ṣa ohun tó dà sílẹ̀, a sì bọ́ sọ́nà.

Ní Elegbeka, lẹ́yìn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ti yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò tí wọ́n sì rí i pé páìpù lásán ló ń pariwo, a dúró ra iṣu sísun. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ègé kan. Ní ilé wa, a máa ń ha èédú ara iṣu kúrò kí ó tó kan epo; níbí, wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní òun ló ń mú un dùn. Obìnrin tó ń sun ún kò tíì wo inú ọkọ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀, ó ṣì tẹrí ba sí ààrò.

“Tísà, ẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀! Èyí tó jóná lára dáadáa nìyí.” Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. “Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Tísà dà?”

Mojí ní, “Ó rìnrìn àjò.”

Obìnrin náà wo aṣọ dúdú ọrùn Mojí, ó wo ojú mi. Ó fi ewé di iṣu, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ní, “Ọlọ́run á dá yòókù sí.”

Ọ̀nà tó lọ sí Ute pupa, kòtò rẹ̀ sì pọ̀ bí ojú kànrìnkàn. Igi kòkó pàdé lórí wa ní ibi púpọ̀. Ariwo ọkọ̀ náà ń kùn nínú orí wa débi pé bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ní láti gbé ohùn sókè.

“Bàbá, ẹ má ní kí wọ́n dí i pa o,” ni Mojí wí. “Bí ẹ bá fún ọkọ̀ tó ní tọ́bò lọ́rùn, kò ní lè gòkè.”

“N kò béèrè òkè. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo béèrè.”

“Tó bá wá dákẹ́ pátápátá, kí ló kù nínú ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ìwọ ló kù.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń wakọ̀ lọ.

Ìsọ̀ Ṣàkírù wà ní ìparí ìlú Ute. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni òun náà, láti ilé àwọn Mùsùlùmí oníṣẹ́ irin ní àárín ìlú wa. Ọ̀rẹ́ Jídé ni, òun ló sì jó páìpù náà mọ́ ọkọ̀. Ó ti gbọ́ wa kí a tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, kò dìde títí mo fi ní kí ó dìde.

Ó gbé àga onígi kan wá fún mi. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó, ó gbá àga náà mú, ó yí i padà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ọ̀nà ni kí ẹ kọjú sí. Afẹ́fẹ́ dáa níbẹ̀.”

Mo jókòó. Ó to irin mẹ́ta kalẹ̀ níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni sàlẹ́ńsà tó bá ọkọ̀ náà dé, tí òun ti fi pamọ́ láti ọjọ́ tí Jídé ti ní kí ó yọ ọ́. Ó ti dógùn-ún ní ìdí, ẹnu rẹ̀ sì ṣe tóóró. Èkejì jẹ́ àlòkù tí wọ́n rà ní Benin, ó ń dán bíi dígí, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, àpótí kan ṣoṣo ló ní. Ẹ̀kẹta ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: páìpù fífẹ̀ láti orí dé ìdí, irin tí kì í dógùn-ún, àpótí kékeré kan láàárín, ńlá kan ní ìparí, òwú tí iná kì í jó sì kún inú méjèèjì.

Mo ní, “Èyí tó dákẹ́ jù.”

“Àkọ́kọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n yóò pọ́n ọn lójú. Tọ́bò fẹ́ kí èéfín tètè ráyè jáde ni.”

“Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí n gbọ́ ọ.”

Nígbà tí ó lọ mú irinṣẹ́, mo ṣàkíyèsí pé obìnrin kan tó ń kọjá kí mi, kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ kọjá èjìká mi. Ọkùnrin kan tẹ̀lé e, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí Ṣàkírù tó ń fa tàpólì bo ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ òjò kò ṣú. Mo wo Mojí. Ẹ̀yìn mi ni ó tẹjú mọ́, kò sì ṣẹ́jú.

“Ṣàkírù, kí ló wà lẹ́yìn mi?”

“Oko ni, Bàbá.”

“Oko ta ni?”

Ó yíjú sí irinṣẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀, mo ti rí sọ́ọ̀ṣì kan létí ìsọ̀ náà; mo wá rántí pé wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ sọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin Jídé sí. Ohun kan nínú mi fẹ́ yí padà, gbogbo ohun tí bàbá mi kọ́ mi sì di orí mi mú. N kò yí padà. Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún.

“Kí o tó tú u,” ni mo wí, “jẹ́ kó ké lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ṣàkírù rò pé òun kò gbọ́ mi dáadáa. Mojí ti gbọ́. Ó wọ inú ọkọ̀, ó ṣí i, ó tẹ̀ ẹ́. Igbe náà gba orí mi kọjá lọ sí ibi tí ojú mi kò gbọdọ̀ dé. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n bọ́ fìlà. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ náà yìn, pò, pò, ẹnikẹ́ni kò sì sá. Lẹ́yìn náà ni Ṣàkírù wọ abẹ́ ọkọ̀, mo sì gbọ́ tí irin ń gé irin.

Èyí tó dákẹ́ jù ni ó kọ́kọ́ dè mọ́ ọn. Èmi náà wọ ọkọ̀, a gun òkè tó wà lókè ọjà. Lóòótọ́, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gòkè ni ó ń mí hẹ̀, hẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ di nímú. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ Jídé ní ìgbẹ̀yìn ti ròyìn fún mi bí ó ti ń mí. Mo ní kí Mojí yí padà, kí wọ́n tú u.

Èkejì kò jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀. Igbe kan náà ni, ó kàn wẹ̀ ni.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó jó ẹ̀kẹta mọ́ ọn. Mo di ojú láti gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, ó nípọn, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń kùn nínú yàrá kejì. Ó gun òkè láìmí gúlegúle. Kò yìn.

Mojí gbé orí lé ìdarí ọkọ̀. “Kò jọ ọ́ mọ́, Bàbá.”

“Ohun tí a wá nìyẹn.” Èmi náà kò mọ̀ pé yóò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Owó irin nìkan ni Ṣàkírù gbà. Ó sìn wá dé ojú ọ̀nà, ó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ mi lápá ibi tí n kò gbọdọ̀ wò, títí mo fi wọ ọkọ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a yà sí àdúgbò wa. Géètì wà ní títì. Èmi fúnra mi ni mo sọ̀ kalẹ̀ ṣí i. Ìyàwó mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbé ojú sókè títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀. Mo gbọ́ ọkọ̀ kan, mo rò pé àlejò àwọn ará ìsàlẹ̀ ni.”

“Tiwa ni.”

Ó dìde, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká. Ó ní kí Mojí tún ṣí i. Ó gbọ́ ọ. Ó ní kí ó pa á. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ táyà, tí ó sì bú sẹ́kún. Mojí fẹ́ fà á dìde, mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ìsinmi ni mo lọ wá fún un, ẹkún ni mo gbé bọ̀. Ìrìn àjò náà ni ó kọ́ mi pé ẹni tó ṣì ń ṣí géètì de ènìyàn kì í lè sunkún rẹ̀.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó ní, “Ute lẹ lọ.”

“Ute ni.”

“Ẹ rí ibẹ̀?”

“N kò rí i. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i.”

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. “Báwo ló ṣe rí lẹ́yìn yín?”

“Ó tutù. Igi ńlá kan wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ ewé rẹ̀.”

“Kì í ṣe inú oòrùn?”

“Kì í ṣe inú oòrùn.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ó wí, ó sì na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde.