Àmì Ṣọ́ọ̀kì tí Mo Fọ̀ Dànù

Ọdún tí oòrùn jó gbogbo koríko Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, tó pọ́n bí ewé àgbàdo tó ti gbẹ, tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ Woolwich kọjá, ọdún yẹn ni. Èmi ò mọ iye tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé koríko yẹn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dún bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú.

Nígbà náà, àbíkẹ́yìn mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh. Ṣí ilẹ̀kùn, ti ilẹ̀kùn, látàárọ̀ títí dalẹ́. Ó ní bí òun bá ti jáde níbẹ̀, ohun tí kò ní ilẹ̀kùn ló ń wu òun. Bó ṣe bá ara ẹ̀ lórí omi nìyẹn. Òun àti obìnrin mẹ́ta, òyìnbó méjì àti ọmọ Ghana kan, wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ pákó lórí odò Thames, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ fi ń gbé èrò sọdá kí afárá tó pọ̀. Àwọn àgbà kan ló ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ náà, kọmití ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, bó ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó, ẹni tó lè wà á àti ẹni tó gbégbá orókè. Bí kọmití bá ní o ò wọ omi, o ò wọ omi nìyẹn.

Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Létí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti bí mi, àgbà mẹ́ta ló máa ń jókòó sábẹ́ igi àgbọn bí ọjọ́ eré ọkọ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọn ò ní ìwé, wọn ò ní bírò. Okùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Wọ́n á fi wọn ọkọ̀ látorí dé ìdí, wọ́n á mi orí, ó parí. Okùn kì í fi àmì sílẹ̀. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, ó di ọwọ́ àwọn obìnrin ilé. Àwa la máa fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, títí pákó á fi máa ta sánsán bí ọmọ tuntun. Màmá mi máa ń sọ pé ọkọ̀ tó bá gbé ìdọ̀tí àná dé ojú omi, ojú á tì í, kò ní sáré.

Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú eré tiwọn, ọmọ mi mú mi dé ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí létí odò ní Woolwich. Kọmití ti wá wọn ọkọ̀, wọ́n ti lọ.

"Mummy, ẹ jókòó síbí. Mo fẹ́ dé ìpàdé àwọn atukọ̀. Ẹ má lọ síbì kankan o."

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ṣé mo mọ̀nà ni?"

Kò mọ̀ pé kànìnkànìn àti ọṣẹ wà nínú báàgì mi. Láti ilé ni mo ti di ẹrù mi.

Mo bu omi ẹ̀rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Odò ń kún bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsọ̀rọ̀, bí àlejò tó mọ ilé. Oòrùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó tẹ́ ara ẹ̀ sórí pákó. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, mo wo ọwọ́ mi, mo rí ọwọ́ màmá mi. Mo gbọ́ òórùn ẹja tí wọ́n ń yan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yan ẹja ní Woolwich lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá mo sùn lórí ìdúró ni. Mo dé ibì kan lábẹ́ etí ọkọ̀, mo rí i pé wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ wúruwùru síbẹ̀. Mo ní ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ wo ló tún ṣe èyí? Mo fọ ibẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Mo wá gbé gbogbo nǹkan mi padà sínú báàgì, mo jókòó síbi tó ní kí n jókòó sí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, olórí kọmití dé. Obìnrin ni, òyìnbó àgbà, ó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, fèrè rọ̀ lọ́rùn ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ etí ọkọ̀ wọn. Ó tún wò ó. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ojú ọmọ mi yí padà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Mummy, àmì ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi sí ọkọ̀ wa lánàá pé ìwọ̀n ẹ̀ pé ò sí mọ́. Wọ́n rò pé a gé nǹkan kúrò lára ẹ̀ kó lè fúyẹ́, ká tó wá nu àmì kúrò."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á lé wa nínú eré yìí nìyẹn. Kì í ṣe tòní nìkan. Pátápátá."

Ẹnikẹ́ni ò rí mi. Bí mo bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ mi tó ń ṣọ́ àwọn tó jalè, òun ni wọ́n fẹ́ pè ní olè yìí. Mo dìde.

"Sọ fún un pé èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo fọ ọkọ̀."

"Mummy! Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Ta ló máa ń rán mi kí n tó fọ ìkòkò tó o jẹ́ kó jóná nílé?"

Ọmọ Ghana yẹn bú sẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Olórí kọmití ní kí ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo tú báàgì mi, mo yọ kànìnkànìn jáde nínú ọ̀rá, ó ṣì tutù. Ó gbé e sí imú. Ó wá kúnlẹ̀, orúnkún ẹ̀ ń ta pọ́-pọ́ bíi tèmi, ó gbóòórùn ara ọkọ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n lọ dúró létí omi, wọ́n gbìmọ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò sọdá Woolwich lọ, ó bọ̀, wọn ò tíì parí. Èmi ń gbàdúrà sínú.

Wọ́n ní ọmọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kì í ṣe oníjìbìtì, kò sẹ́ni tó máa lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn ọkọ̀ ti gbé òṣùwọ̀n ẹ̀ lọ, ọkọ̀ tí kò sì lámì ò lè bá ẹlòmíì díje. Wọ́n lè wà á nígbà tí eré bá parí, kò ní sí nínú ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó méjèèjì sunkún. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi múra. Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán.

Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, tí èrò ti ń túká, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé tiwọn wọ omi. Olórí kọmití nìkan ló dúró. Ó fun fèrè fún wọn, bíi pé ogún ọkọ̀ ló tò sẹ́yìn wọn. Odò fẹ̀, ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́nì kan lórí ẹ̀. Àjẹ̀ wọn ń lọ, ó ń bọ̀, láìsí ariwo. Ọkọ̀ náà ń dán. Nígbà tí wọ́n jìnnà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ Thames mọ́ àti èyí tó jẹ́ ọ̀sà. Bí ẹnì kan bá ní àgbọn ló hù ní òdìkejì, mo máa gbà.

Ọmọ mi gúnlẹ̀, aṣọ ẹ̀ tutù jọ̀ọ̀. Ó dúró níwájú mi.

"Mummy, ọkọ̀ yẹn ń ta sánsán o."



Lọ́jọ́ Kérésì, gbogbo àwọn ọmọ mi péjọ sílé mi ní Thamesmead. Ọ̀rọ̀ náà jáde, àkọ́bí mi bínú dìde lórí oúnjẹ. Ó ní, "Ìwà ìkà ni! Torí ṣọ́ọ̀kì lásán? Ó ti mọ́ àwọn òyìnbó yẹn lára."

Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún gbogbo wọn pé kọmití ò ṣẹ̀ wá, kí wọ́n má gbé ẹ̀bi mi ru ẹlòmíì. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà làwọn àgbà ọ̀sà wa ì bá ṣe. Mo ní, "Ọwọ́ tó fọ ọkọ̀ yẹn, òun náà ló fọ ẹ̀yin márààrún. Kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Òun ni kẹ́ ẹ bá wí."