Orúkọ Tí Mo Sọ sí Àǹtí Họ́kì Létí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, igi tó tẹ̀ ní ìdí ni àwa ọmọ ilé wa fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ má rò pé a kò ní ẹsẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń sọ yìí, níbi tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti ń wá bọ́ọ̀lù kiri. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà tiwa, nítòsí ọjà Boundary, obìnrin kan wà tó ń gbá họ́kì, òun la sì ń fara wé. A máa ń lọ gé ẹ̀ka igi létí omi, a ó sì fi máa lu agolo mílíìkì kiri àgbàlá títí àwọn ìyá wa yóò fi lé wa jáde.

Àǹtí Họ́kì ni gbogbo wa ń pè é. Yàrá kan ló ń gbé ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ kan ní Apapa, ṣùgbọ́n torí ọ̀pá họ́kì ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́, nítorí ilé-iṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ họ́kì. Àmì ẹ̀yẹ wúrà mẹ́ta ló so kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà, ènìyàn mọ́kànlá ló máa ń wà lápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Bọ́ọ̀lù yẹn ló bà á lórúnkún. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó rìn, ṣùgbọ́n kò lè sáré mọ́.

Síbẹ̀, kò yé lọ sí pápá. Bó bá ti wo eré dé, yóò jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn Ìjọ́, àwọn Úróbò, àwọn Ìgbò, àwa Yorùbá, gbogbo wa la ó yí i ká. Yorùbá ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, Pidgin yóò sì wọ àárín rẹ̀. Bó bá ṣe ń sọ ọ́, ìwọ yóò máa wo ilẹ̀ bíi pé bọ́ọ̀lù náà máa tó yí dé ẹsẹ̀ rẹ. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní yàrá kejì a máa ké sí i pé, "Àǹtí, ẹ rọra o! Ẹ má fi ọ̀pá bà mí lórí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé rédíò wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé wa, ó sì bá Àǹtí lẹ́nu ìròyìn. Ó dúró títí ó fi parí.

Ó ní, "Madam, kí lẹ ń fi èyí ṣòfò nínú àgbàlá fún?"

Báyìí ni wọ́n ṣe fún un ní eré kan láti fi dán an wò. Yóò ròyìn rẹ̀ láti orí pápá ní Apapa, àwọn ènìyàn yóò sì máa gbọ́ ọ lórí rédíò bó ṣe ń lọ. Bó bá dára, yóò ní ètò tirẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí kò bá dára, kò sí ibòmíràn, nítorí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé òpin oṣù yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí. Kò gbá họ́kì fún wọn mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi akọ̀wé tó ń tiro ṣe?

Ẹni tó ń ròyìn eré kò lè máa wo bọ́ọ̀lù kó tún máa wo ìwé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa sọ orúkọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sí i létí. Èmi ni Àǹtí mú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Ó mú mi nítorí pé bí mo bá gbọ́ orúkọ àti nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, kì í kúrò lórí mi mọ́. "Orí ẹ yìí, ìwé ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé mi ò mọ̀wé kà.

Láti ọmọ ọdún méje títí mo fi pé mẹ́tàlá, ọkọ̀ ojú omi ni mò ń bá àbúrò bàbá mi tù láàárín Snake Island àti ọ̀dọ̀ wa, ẹja là ń kó. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi, ojú tì mí láti lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ra ṣòkòtò kakí kan, mo ń wọ̀ ọ́ jáde láràárọ̀, mo sì ń sọ fún àwọn ará ilé pé iléèwé kan ní Olodi ni mò ń lọ. Ọjà ni mò ń lọ, ẹrù ni mò ń bá wọn já. Ìyá mi nìkan ló mọ̀, ojú sì ń ti òun náà, ló bá ń bá mi bò ó. Bí Àǹtí bá bi mí ní kíláàsì tí mo wà, kíákíá ni mo máa ń dá a lóhùn. Irọ́ tí a bá sọ kíákíá kì í jọ irọ́.

Àwọn ará Apapa tó fẹ́ gbá eré ọjọ́ náà, Àǹtí mọ gbogbo wọn. Àwọn àlejò tó wá láti Òkè Ọya ni iṣẹ́ mi. Láàárọ̀, mo lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú aṣọ wọn, mo ní kó ka orúkọ àti nọ́ńbà wọn fún mi. Ẹni mẹ́rìndínlógún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ti mọ̀ ọ́n.

Orí pèpéle onígi kan ni wọ́n gbé wa sí. Wọ́n fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí ọ̀tún Àǹtí, wọ́n fi ti òsì sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdajì àkọ́kọ́ dùn. Bí mo bá ti sọ orúkọ kan, ó ti gbà á, ó ti fi ṣe ọ̀rọ̀. Àwọn tó gbé rédíò kékeré wá sí pápá ń wo òkè lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń mi orí. Ọ̀gá rédíò dúró nísàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kí ìsinmi tó dé, òjò rọ̀. Nọ́ńbà keje àwọn àlejò, ọkùnrin gíga kan, fi kókósẹ̀ pa, wọ́n gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n padà wọ pápá, wọ́n ti bọ́ aṣọ funfun tí ẹrẹ̀ ti bà jẹ́, aṣọ búlúù ni wọ́n wọ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú aṣọ wọn sáré gun pèpéle, ó na ìwé kan sí mi.

"Give your oga," ló wí, ó sì ti lọ.

Àǹtí yíjú sí mi. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo wo ìwé náà. Mo rí nọ́ńbà, ìyẹn mo mọ̀. Àwọn ohun tó tẹ̀ lé nọ́ńbà, mi ò mọ̀ wọ́n. Mo rò pé àwọ̀ aṣọ nìkan ló yí padà. Mo lè na ìwé náà sí i. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé yóò ní kí n máa kà á fún òun, nítorí rẹfirí ti fẹ́ fọn fèrè.

Mo ní, "Orúkọ kan náà ni, Àǹtí. Kò sí ohun tó yí padà."

Ó gbà mí gbọ́. Mo ká ìwé náà sọ́wọ́.

Aṣọ búlúù yẹn kò pé iye. Kálukú wọ èyí tó bá rí, nọ́ńbà wọn sì yí padà; orúkọ ẹni tó wọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ìwé náà. Gbogbo wọn ni òjò àti ẹrẹ̀ bò lójú, nọ́ńbà nìkan ni mò ń wò. Kò pẹ́, nọ́ńbà keje gba bọ́ọ̀lù kọjá ẹni méjì, ó gbá a wọlé. Mo sọ orúkọ sí Àǹtí létí. Àǹtí gbé ohùn sókè, ó pe ọkùnrin gíga yẹn lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ti rí i nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fún un ló gbà. Ó ní ọkùnrin náà ti jí dìde, pé akọni ni, pé ẹsẹ̀ tó ń ro ó kò dá a dúró.

Ọkùnrin náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀ wa gan-an, báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń mu omi.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ní rédíò. "Sisí! Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló gbá a wọlé? Báwo ni ọ̀pá rẹ̀ ṣe gùn tó?" Òmíràn ké pé, "Madam, di man siddon here dey drink water o!" Àǹtí wo ìsàlẹ̀. Ó rí i. Ó gbìyànjú láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn tí mo tún sọ sí i létí kò tọ̀nà, èyí tó tẹ̀ lé e náà kò tọ̀nà. Ó yọ́ ìwé náà gbà lọ́wọ́ mi láì wò mí. Ó ṣí i, ó kà á. Láti ìgbà náà títí eré fi parí, kò tẹ́tí sí mi mọ́.

Ọ̀gá rédíò gun òkè wá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Madam, ṣé wọn ò fún yín níwèé ni?"

Àǹtí wò mí. Mo wo bàtà mi.

Ó ní, "Wọ́n fún mi, sà. Èmi ni mi ò kà á."

Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀pá lẹ mọ̀ ọ́n lò. Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́nu."

Mo gbọ́ ọ.

Nínú ilé wa, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì a máa ní, "Àǹtí, ẹni orí bẹ́ǹṣì ńkọ́? Ó ti gbá òmíràn wọlé?" Àǹtí náà á rẹ́rìn-ín. Ó dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ sọ fún mi?" Mo ní, "Kò sí, Ma." Ó gbé báàkẹ́tì rẹ̀ lọ. Nígbà tí iṣẹ́ Apapa parí, ó bẹ ilé rédíò títí wọ́n fi gbà á kó máa kọ èsì eré sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kà. Ọdún mélòó kan ló fi wà lẹ́nu ìyẹn.

Ní ọdún kejì eré yẹn, èmi lọ síléèwé tòótọ́. Kíláàsì kẹta ni wọ́n fi mí sí, pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ti ń hù. "Bàbá Kíláàsì" ni àwọn ọmọ ń pè mí, tíṣà náà sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo fara dà á. Lẹ́yìn náà mo ríṣẹ́ ní èbúté, mò ń kọ iye ẹrù tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ohùn Àǹtí padà sórí rédíò. Wọ́n ti fún un ní Sátidé rẹ̀ níkẹyìn. Gbogbo èbúté ló ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi lórí pápá, wọ́n fún mi níwèé, mi ò kà á. Mo ní ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa fi ojú ara yín ka ìwé yín." Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Bí ọdún bá yí, yóò tún sọ ọ́, gbogbo ìgbà ló sì ń sọ ọ́ bí ẹ̀bi tirẹ̀.

Ìyàwó mi fẹ́ràn ètò náà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ṣé kì í ṣe àdúgbò yín ni obìnrin yìí gbé rí?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi kú láì mọ̀.

Lẹ́yìn tí mo sin ín tán, ilé dákẹ́ jù. Mo béèrè títí mo fi rí ilé Àǹtí ní Olodi-Apapa. Ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ yẹn kò sì tẹ̀ mọ́ rárá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ìwé ọjọ́ yẹn, mi ò lè kà á ni. Mi ò mọ̀wé nígbà náà."

Ó ní, "Dìde. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ti mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè. Kí lo rò pé ó mú mi máa sọ ọ́ lórí rédíò ní gbogbo ìgbà? Mo ní bóyá ò ń gbọ́."

"Mò ń gbọ́, Ma."

Ó wá bi mí pé, "Ta ló wá kọ́ ẹ níwèé?" Mo sọ fún un nípa kíláàsì kẹta àti irùngbọ̀n. Ó mi orí.

Ó ní, "Èmi ni ǹ bá kọ́ ẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la wà."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

Nǹkan ti yí padà. Pápá tí a ti gbá eré yẹn, kọ̀ǹténà ni wọ́n tò síbẹ̀ báyìí, kò sì sí ọmọ tó ń fi igi lu agolo ní Boundary mọ́. Bí ẹ bá ń wo eré lónìí, orúkọ àti nọ́ńbà á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ síni létí. Fóònù yín gan-an lè kàwé fún ẹni tí kò lè kà á. Nígbà tiwa, ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ pé òun kò mọ̀wé ju bó ṣe ń tì í láti purọ́ lọ. Àìmọ̀wé, mo bọ́ nínú rẹ̀ kí n tó pé ogún ọdún. Irọ́ yẹn, mo ti di ẹni tí kò ní aya nílé mọ́ kí n tó sọ ọ́.