Igbá Ńlá Tí Ìyá Ọkọ Mi Kọ̀

Òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn létí odò Ọ̀ṣun nígbà òjò, kó tó di pé a gbúròó omi gan-an. Nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi okùn wọn ilẹ̀ tí ọkọ̀ rélùwéè máa gbà ní Ẹdẹ ni, afárá kankan ò tíì sí. Bí odò bá kún, igbá la fi ń sọdá. Bí o ò bá bá a láyé, bó ṣe rí rèé: wọ́n á dé igbá méjì lu ara wọn, wọ́n á fi àtè dí ẹnu wọn pinpin. Èrò á gbé àyà lé e níhìn-ín, onígbá á di èrò lápá mú láti òdì kejì igbá, á sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ. Oríṣi mẹ́ta ni onígbá tiwa ní: kékeré, èyí tó ṣe déédéé, àti ńlá. Kì í bi èèyàn léèrè. Á wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á sì yí èyí tó gbà ọ́ wá.

Ọdún ìjẹṣu là ń lọ ṣe nílùú ìyá ọkọ mi, lódì kejì odò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ gbẹ̀yìn, nítorí àìsàn bàbá ọkọ mi, lẹ́yìn náà opó ṣíṣe. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún wọn nínú ọmọ ìyá, ló ránṣẹ́ pé ara òun ò le mọ́, kí àwọn jọ jẹ iṣu tuntun ọdún yẹn. Ìyá fọwọ́ ara wọn rẹ aṣọ aró kan fún ẹ̀gbọ́n wọn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń kọrin nínú ilé.

Èmi ni mo bá wọn lọ. Ìyàwó ọdún méjì ni mí, ẹnu mi mú bí abẹ, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi ju oúnjẹ lọ. Ìyá ga, wọ́n sì sanra dáadáa. Bí onígbá ṣe yí igbá ńlá wá fún wọn, mo yíjú sí àwọn obìnrin abúlé Alájùé tó ń dúró de tiwọn, mo ní, "Bí Ìyá bá gùn ún, odò ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀."

Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé mo rò pé ohùn mi lọ sílẹ̀ ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, onígbá pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀; tèmi ò tilẹ̀ balẹ̀, orí Ìyá ló bà lé. Ìyá ò wẹ̀yìn. Wọ́n kàn nawọ́ sí igbá tó kéré jù.

"Èyí ni mo fẹ́."

Onígbá ní, "Ìyá, èyí ò gbà yín."

"Èmi ni mo ń gùn ún. Gbé e wá."

Kí ni ọmọdé fẹ́ bá àgbàlagbà fà? Ó gbé e wá. Mo lè kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n nígbà yẹn, àmọ́ ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi.

Wọn ò tíì dé àárín odò tí igbá fi rì sápá kan, ọwọ́ Ìyá sì yọ̀. Mo rí gèlè wọn tó ń lọ lójú omi, mi ò rí orí wọn. Onígbá mòòkùn tẹ̀lé wọn, ó fà wọ́n jáde, ó sì wọ́ wọn padà síbi tí mo dúró sí. Wọ́n ń pọ omi, irun funfun wọn tí mi ò rí rí lẹ̀ mọ́ wọn lórí. Aṣọ aró náà ti bá omi lọ.

"Jẹ́ ká padà sílé, ìyàwó," ni wọ́n sọ.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi fẹ́ lọ bá onígbá jà. Ìyá ní, "Ẹjọ́ mi ni. Ó kìlọ̀ fún mi." Wọn ò dárúkọ mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà tí mò ń gbọ́, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè gbé oúnjẹ wọn wọlé. Ọmọ ilé kan ni mo rán.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò fà, a fẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Ẹ̀gbọ́n Ìyá wà láàyè, ṣùgbọ́n iyè wọn ti lọ. "Ta nìyí?" ni wọ́n ń bi Ìyá. Ìyá á dáhùn, wọ́n á tún béèrè. Ìyàwó wọn wá sọ fún wa pé, "Lọ́jọ́ ìjẹṣu, iyè wọn pé. Wọ́n jókòó sójú ọ̀nà odò títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé iṣu kí àbúrò àwọn tó dé."

Nígbà tí à ń bọ̀, mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn odò, mo ní èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí.

"Mo mọ ohùn rẹ," ni Ìyá wí.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ọmọ yín?"

"Kí n wá sọ pé kí ni? Pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì torí ẹ̀ fẹ́ bómi lọ?" Wọ́n fà mí dìde, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé gbogbo àkókò tí ojú fi ń tì mí, ojú ń ti Ìyá pẹ̀lú. Igbá tó gbà wọ́n wà nílẹ̀ níwájú wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ di ohun ìtìjú láti gùn. Àwọn èèyàn ṣì ń sọ pé mo lẹ́fẹ̀. Mo lẹ́fẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀fẹ̀ mi ló mú kí baba arúgbó kan jókòó sójú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, lọ́jọ́ tó ṣì mọ ẹni tó ń retí.