Ìkòkò Ìlà Méjì

Títílọlá ń mọ ìkòkò ní Ìsàn-Èkìtì láti kékeré. Kò kàwé. Ọmọ ọlọ ló já lu ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́mọdé. Ìka náà ká kò, kò ṣeé nà mọ́. Ìka mẹ́ta ni àwọn amọ̀kòkò fi ń fa ìlà yí inú ọrùn ìkòkò ká. Ìlà mẹ́ta ló ń yọ. Tirẹ̀, méjì.

Lọ́dún tó kọjá, yunifásítì kan kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wá bá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ tí wọn yóò fi dá dúró. Ẹni tí kò bá mọ ìkòkò kan, tí Títílọlá kò sì tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, kò ní yege.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gún amọ̀. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Wọ́n sá lọ.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n tó padà dé, àwọn àti olùkọ́ wọn, Kọ́lápọ̀. Wọ́n gbé ìkòkò mẹ́ta dání. Ó ń dán.

"Màmá, ẹ wo iṣẹ́ àwọn ọmọ yín," ni Kọ́lápọ̀ wí. "Ẹ tẹ̀ka, ká máa lọ."

Títílọlá ki ọwọ́ bọ ìkíní. Ó ki í bọ ìkejì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọjà Ìdó tí mo ti ń tà lẹ ti rà á."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìka mi ni, ìlà méjì péré ló ń fà. Uṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ gbé wá fi hàn mí! Tíṣà, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ìwọ náà kọ́ uṣẹ́."

"Màmá, ètò ìjọba ni èyí, fún ìdàgbàsókè àwọn ọ̀dọ́..."

"Ṣé ìjọba ló gún amọ̀?"

Ojú Kọ́lápọ̀ pọ́n. "A ó yọ orúkọ yín. A ò ní kó ọmọ wá fún yín mọ́."

"Yọ ọ́. N kò tẹ̀ka."

Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ̀ lé olùkọ́ wọnú mọ́tò. Tóbi, ìkẹta wọn, nìkan ló kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún kan ni màá tún ṣe o."

"Ṣé orúnkún ni wọ́n fi ń mọ ìkòkò? Amọ̀ nìyẹn."

Tóbi gún un títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìkòkò rẹ̀ àkọ́kọ́ wó. Èkejì sán nínú iná. Ẹ̀kẹta wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n wọ́n bu omi sí i, kò jò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn ti pé. Títílọlá tẹ̀ka.

Tóbi gbé e lọ bá Kọ́lápọ̀.

"Kí lèyí? Ó mà burẹ́wà o!"

"Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, sà."

Ìlà mẹ́ta ló bá níbẹ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù náà.

Wọ́n yọ orúkọ Títílọlá lóòótọ́. Kò tìtorí ẹ̀ ṣàìsàn. Ó wà nídìí amọ̀ láàárọ̀ yìí.