Tíṣà Tó Sun Ẹkún Ìyàwó Nítorí Àwọ̀n Ẹ̀fọn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tíṣà kan sun ẹkún ìyàwó fún mi ní Ọ̀yọ́ lónìí, lọ́sàn-án gangan.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀wé nípa sáyẹ́ǹsì ni mo wá. Wọ́n ti kìlọ̀ pé ibẹ̀ la ó máa sùn, kí oníkálukú gbé ẹní, àwo àti àwọ̀n ẹ̀fọn dání. Mo kó gbogbo rẹ̀.

Nínú lọ́rì, tíṣà kan tó so táì mọ́rùn, tóun náà ń lọ síbẹ̀, wo ẹrù mi.

"Bàbá, ṣé ilé ọkọ lẹ ń lọ ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in.

A dé Ọ̀yọ́. Ọ̀gá tó ń gbà wá sílé ní ẹni tí kò bá ní àwọ̀n ẹ̀fọn, kó máa padà lọ. Táì nìkan ni tíṣà ọ̀hún mú wá.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀n yín fẹ̀."

"Ó fẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í wọlé ọkọ láìsunkún. Sun tìrẹ kí n gbọ́."

Ó wo ọ̀nà mọ́tò, ó wò mí. Ó bá kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ súre fún mi o, mo ń relé ọkọ..."

Ohùn rẹ̀ dùn ju ti àwọn ìyàwó mi lọ. Ẹ má sọ fún wọn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí àwa méjèèjì wọlé. Tíṣà ti na ara rẹ̀ sórí ẹní mi báyìí, ó ń dúpẹ́. Kò tíì mọ̀ pé mo máa ń hanrun bíi lọ́rì tó ń gun òkè.

Ṣé kí n sọ fún un, àbí kí n jẹ́ kó fetí ara rẹ̀ gbọ́?